Ohùn ìyá kan lójú òpó wa

Láàárọ̀ yìí, ẹnìkan fi àwòrán jẹjẹrẹ tó ti di egbò sójú òpó WhatsApp àwọn ìyá l'Adó-Èkìtì. Kò sẹ́ni tó fèsì. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀, ojú máa ń yára fò ó ni.

Ìyá kan wá fi ohùn ránṣẹ́: abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń dènà HPV, kòkòrò tó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ, wà fún ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14, ẹ̀ẹ̀kan péré, ní apá, ọ̀fẹ́ ni. Ìbéèrè rọ́ dé! “Ẹ̀yin màmá, ṣé kò ní jẹ́ kọ́mọ yàgàn?” Ìyá náà fèsì: rárá o, kì í fa àìrọ́mọbí. Apá lè dùn ún díẹ̀. Ìyá tó ti pé ọdún 30, àyẹ̀wò ẹnu ilé-ọmọ ló kàn án.

Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ló rí lójú òpó tiyín?