Kọ̀ǹpútà tuntun tó kọ̀ tí ò tan: ẹ má tíì sọ pé bọ́ọ̀dù ti kú

Nǹkan tó máa ń dùn mí jù nínú iṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà yìí ni kí ọmọ kan máa tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀, kó ra ẹ̀yà kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan, òmíràn láti Ìkẹjà, òmíràn tòkunbọ̀ níbí ní Ìlọrin, kó jókòó tò ó fúnra ẹ̀, kó wá tẹ bọ́tìnnì kó má tan, kí ẹnì kan sì wò ó lóòró lásán kó ní "bọ́ọ̀dù ti kú, lọ ra òmíràn". Ẹ jọ̀ọ́. Bọ́ọ̀dù ni pátákó ńlá tí gbogbo ẹ̀yà yòókù ń so mọ́. Bọ́ọ̀dù tuntun máa ń kú o, mi ò ní kì í kú, àmọ́ òun ló yẹ ká fura sí kẹ́yìn, torí ó wọ́n, òun náà ló sì ṣòro jù láti pààrọ̀.

Àbúrò kan, ọmọ Ọ̀fà tó ń kàwé ní Unilorin, ló gbé tiẹ̀ wá bá mi ní Tanke. CPU ẹ̀, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, Ryzen 5 5600 ni, bọ́ọ̀dù ẹ̀ B550 tó jẹ́ ìwọ̀n ATX gangan, RAM méjì, káàdì fídíò tòkunbọ̀ tó ń gbé àwòrán lọ sí mọ́nítọ̀, àti késì (àpótí ẹ̀) tòkunbọ̀. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó, wọ́n ní bọ́ọ̀dù ti jó." Mo bi í pé òórùn jíjó ń bọ̀ ńbẹ̀ ni? Ó ní rárá. Èéfín ńkọ́? Kò sí. Kí ló wá jó?

Ìbéèrè tí mo máa ń kọ́kọ́ bi èèyàn ni pé irú kò-tan wo ló ń ṣe, torí wọn kì í ṣe ìkan náà. Òmíràn wà tó dákẹ́ fọnfọn, kò sí fáànù, kò sí iná, bí ẹni pé ẹ ò tẹ nǹkan kan. Òmíràn á gbọ̀n, fáànù á yí díẹ̀, gbogbo ẹ̀ á sì kú padà. Òmíràn sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa létí, fáànù ń yí, iná ń tàn, ṣùgbọ́n mọ́nítọ̀ dúdú kirikiri. Tẹ́ ẹ bá ti mọ èyí tó jẹ́, ẹ ti mọ ibi tẹ́ ẹ máa wò, ẹ ò ní máa tú gbogbo nǹkan kiri.

Èyí tó dákẹ́ pátápátá, mi ò kì í kọ́kọ́ ṣí késì rárá. Ẹ wo sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri, ẹ wo ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n, ẹ wo súìṣì kékeré tó wà lẹ́yìn páwà sọ́pláì (àpótí irin tó ń pín iná fún gbogbo ẹ̀yà), ibi tí wọ́n kọ I àti O sí, I ló yẹ kẹ́ ẹ tẹ̀. Àwọn páwà sọ́pláì àtijọ́ kan tún ní súìṣì pupa tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí: 230 ló gbọ́dọ̀ wà ní Nàìjíríà, kẹ́ ẹ tó kì í bọ iná rárá, torí tó bá wà ní 115 tẹ́ ẹ bá tàn án, á bú gbàmù, kò sì ní ṣeé tún ṣe. Tí gbogbo ìyẹn bá dáa, ẹ lọ sí waya tín-ín-rín tó ti ọ̀dọ̀ bọ́tìnnì késì wá, tí wọ́n kọ POWER SW sí. Pín-ìn méjì péré ló ń wọ̀ lórí bọ́ọ̀dù, ó sì rọrùn láti kì í bọ ibi tí kì í ṣe tiẹ̀. Ẹ yọ ọ́, kẹ́ ẹ fi ẹnu síkúrúdíráfà kan pín-ìn méjèèjì pọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tó bá tan, bọ́ọ̀dù ò ṣe nǹkan kan, bọ́tìnnì tàbí waya ẹ̀ ni.

Tí ò bá tíì tan, ẹ dán páwà sọ́pláì nìkan wò. Ẹ yọ gbogbo waya ẹ̀ kúrò lára bọ́ọ̀dù, ẹ mú èyí tó tóbi jù, oníhò 24, ẹ fi pépà kílíìpù so waya aláwọ̀ ewé mọ́ waya dúdú kan, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá ki iná bọ̀ ọ́. Ó yẹ kí fáànù ẹ̀ yí, àfi àwọn tí wọ́n ṣe kí fáànù wọn má yí tí kò bá gbóná. Àwọn tuntun kan wà tí gbogbo waya wọn dúdú, ẹ má fojú díwọ̀n lórí ìyẹn, ihò kẹrìndínlógún (16) lẹ ń wá, òun ni ti waya aláwọ̀ ewé. Tẹ́ ẹ bá ní mítà, waya yẹ́lò yẹ kó wà láàárín 11.4 sí 12.6 fólútì, pupa láàárín 4.75 sí 5.25. Àmọ́ kí fáànù yí nìkan ò túmọ̀ sí pé ó lágbára láti gbé ẹrù o.

Èyí tó ń yí tí mọ́nítọ̀ ò gbé nǹkan kan wá, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ wàhálà wà. Waya kan wà fún CPU, ihò 8, lókè bọ́ọ̀dù lápá òsì, kúlà (ohun tó ń mú CPU tutù) máa ń bò ó, àwọn tó ń tò ó fúnra wọn sì máa ń gbàgbé ẹ̀. Láìsí i, fáànù á máa yí, CPU ò ní jí. Waya káàdì fídíò jọ ọ́, ṣùgbọ́n ti CPU pín sí 4 àti 4, ti káàdì pín sí 6 àti 2, ẹ má fipá ki ìkan bọ ibi ìkejì láéláé. Lẹ́yìn ìyẹn, RAM: ẹ tẹ̀ ẹ́ títí tá á fi dún kọ́kọ́, tó bá jẹ́ méjì, ihò kejì àti ìkẹrin láti ọ̀dọ̀ CPU. Ẹ tún wo ibi tẹ́ ẹ ki waya mọ́nítọ̀ bọ̀. Ryzen 5 5600 ò ní ẹ̀yà tó ń gbé àwòrán jáde nínú, 5600G ló ní, Intel tó parí sí F náà ò ní, torí náà ara káàdì fídíò ni waya gbọ́dọ̀ wọ̀, kì í ṣe ara bọ́ọ̀dù.

Àwọn tó ra bọ́ọ̀dù B450 tòkunbọ̀, ẹ fetí sí èyí. 2018 ni B450 jáde, 2022 ni 5600 jáde, tí wọn ò bá tíì sọ BIOS ẹ̀ (ètò inú bọ́ọ̀dù tó ń jí kọ̀ǹpútà) di tuntun kò ní mọ CPU yẹn rárá. Àwọn bọ́ọ̀dù kan ní bọ́tìnnì tẹ́ ẹ lè fi fúláàṣì ṣe é láìsí CPU, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣe é lórí iná tó lè lọ nígbàkugbà, ẹ gbé e sórí ínfátà. Àwọn tó lo bọ́ọ̀dù AMD tí wọ́n ń pè ní AM5 pẹ̀lú RAM DDR5, ẹ̀ẹ̀kíní tẹ́ ẹ máa tàn án, ó lè dúdú fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ó ń kọ́ bí á ṣe bá RAM ṣiṣẹ́ ni, ẹ fi sílẹ̀.

Ti àbúrò wa, èyí tó gbọ̀n tó sì kú ni. Páwà sọ́pláì ló rí i pé iná ń já síra wọn níbì kan, ló bá yára gba iná kúrò, bí ẹni tó fọwọ́ kan ìkòkò gbígbóná. Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ọ̀nà kan ṣoṣo tí mo fọkàn tán ni ká tú gbogbo ẹ̀ síta. A yọ bọ́ọ̀dù kúrò nínú késì, a gbé e lé páálí tó bá a wá, lẹ́yìn tá a ti fọwọ́ kan irin késì, torí ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, ara èèyàn máa ń ní iná lára lásìkò yẹn. CPU àti kúlà, RAM ẹyọ kan, káàdì, páwà, kò sí nǹkan míì. Mo fi síkúrúdíráfà kan pín-ìn. Fáànù yí, ó dúró, àwòrán BIOS sì jáde lójú mọ́nítọ̀. Ọmọ náà pariwo "Àlùhàmúdùlílàhì!" débi pé àwọn ará ṣọ́ọ̀bù kejì yọjú.

Bọ́ọ̀dù tí wọ́n ní ó ti jó rèé o.

A wá tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sínú késì. Ẹ mọ àwọn irin yẹ́lò kékeré tí bọ́ọ̀dù máa ń jókòó lé, standoff, síkúrúù ló ń wọ inú wọn láti òkè. Bọ́ọ̀dù kékeré, micro-ATX, ló wà nínú késì yẹn tẹ́lẹ̀, ìdúró àwọn irin ìsàlẹ̀ ẹ̀ ò bá ti ATX mu. Ọmọ náà ti to tiẹ̀ síbi tó yẹ, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un pé kó yọ ti àtijọ́. Ìkan dúró gírí nísàlẹ̀, níbi tí bọ́ọ̀dù ò ti níhò rárá. Mo yí bọ́ọ̀dù padà: àpá róbótó kan ń dán lẹ́yìn ẹ̀, ó ṣe déédéé ẹnu irin yẹn, ó kan ojú léèdì méjì tí wọ́n fi jó ẹ̀yà mọ́ bọ́ọ̀dù pọ̀. Mo fi púláyà yọ irin náà, a dá gbogbo ẹ̀ padà, à ń fi ìkan kún un à ń tàn án wò, ó ń tan. RAM kejì wọlé, ó tan. A de síkúrúù, ó tan.

Tó bá ti tan tán, ẹ má tíì bo késì. Ẹ wọ BIOS, ẹ wo bí CPU ṣe gbóná tó, ẹ wò ó bóyá RAM méjèèjì pé. XMP, ètò tó ń mú kí RAM sáré dé ibi tí wọ́n kọ sára ẹ̀, ni kẹ́ ẹ tàn kẹ́yìn, lẹ́yìn tí Windows bá ti wọlé tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Tó bá wá jẹ́ pé XMP lẹ tàn tó tún kọ̀ tí ò tan mọ́, ẹ yọ waya iná kúrò lára ògiri, ẹ yọ bátìrì róbótó CR2032 tó wà lórí bọ́ọ̀dù, ẹ dúró ìṣẹ́jú mélòó kan kẹ́ ẹ tó dá a padà, gbogbo ètò ẹ̀ á padà sí bó ṣe jáde nílé iṣẹ́, á sì tan.