Ìbéèrè ọmọ ẹ̀gbọ́n mi

Lálẹ́ àná ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún 7, bi mí pé: “Àǹtí, ṣé torí ariwo tí mo pa ni ara Dádì ò fi yá?” Etí ìró mi ló ń lọ́, tó ń tú, tó tún ń lọ́.

Mo gbé e sórí itan. Mo ní ariwo kì í ba kíndìnrín jẹ́. Kíndìnrín Dádì ni kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, ẹ̀rọ ló ń bá wọn fọ ẹ̀jẹ̀ lọ́sibítù.

“Ṣé ó máa ń dùn wọ́n?”

Mo ní abẹ́rẹ́ yẹn máa ń dùn wọ́n díẹ̀.

Ṣe ni àwọn ará ilé ń sọ fún ọmọ náà pé ibi iṣẹ́ ni Dádì ń lọ, tó bá jẹ́ ọsibítù ni wọ́n ń lọ. Ọmọ tó ń rí oògùn lórí tábìlì lójoojúmọ́!

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ṣé ọmọ ti bi yín nírú ìbéèrè yìí rí?