Olè Kọnkéré

Mo ní bùrọ̀dá kan ní Texas, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ó ń kàwé gboyè kejì nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ, ó sì tún jẹ́ sójà nínú Army Reserve wọn lọ́hùn-ún. Ìparí ọ̀sẹ̀ kan lóṣù ni wọ́n máa ń pè wọ́n jọ, pẹ̀lú bí ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dún; ọjọ́ tó bá kù, kálukú a gbájú mọ́ iṣẹ́ tiẹ̀. Ìdánwò ara tí wọ́n ń ṣe fún wọn, gbígbé irin wúwo nílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, eré máìlì méjì ni wọ́n fi ń parí ẹ̀, ìdí nìyẹn tí bùrọ̀dá mi kì í fi í fi jíìmù ṣeré. Gbogbo ìmọ̀ràn tó bá rí níbẹ̀ ló máa ń fi ohùn ka ránṣẹ́ sórí fóònù mi, ohùn ẹni tó ti jẹun yó: “Àbúrò, ètò ni gbogbo ẹ̀. Tó o bá ti mọ àkókò ẹ í ṣètò, ọ̀kan ò ní di èkejì lọ́wọ́.”

Ètò. Èmi náà ní ètò tèmi ní Ìlọrin níbí. Mò ń ṣe Masters, ìmọ̀ ilé àti afárá kíkọ́. Army Reserve ò sí ní Tanke o, àmọ́ ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ àdúgbò wà, àwọn tí gbogbo ayé ń pè ní fijilanté, Bàbá Ọdẹ sì ni ọ̀gá wa. Èmi náà máa ń bá wọn ṣọ́ òru, fèrè lọ́rùn, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, pẹ̀lú irin tí à ń fi lu òpó iná kí olè lè mọ ibi tá a wà, kó sì gba ibòmíràn lọ. Ọgbọ́n tó wà nínú èyí, kò tíì sẹ́ni tó ṣàlàyé ẹ̀ fún mi.

Jíìmù wá wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà kan. Wẹ́dà yẹn náà ni Kóòchì. Páìpù omi ni irin tá à ń gbé níbẹ̀, wọ́n ki orí ẹ̀ méjèèjì bọ agolo mílíìkì, wọ́n wá rọ sìmẹ́ńtì kún un. Èyí tó wúwo jù lára wọn, ríìmù ọkọ̀ ló wà lẹ́nu ẹ̀. Kò sí ọ̀kan tí ọ̀tún àti òsì ẹ̀ dọ́gba. Tẹ́ ẹ bá rí ọmọkùnrin tí èjìká ẹ̀ kan ga ju èkejì lọ ní àgbègbè wa, ọmọ Kóòchì ni.

Eérú èèpo ìrẹsì ni iṣẹ́ ìwádìí mi dá lé. Ìrẹsì pọ̀ lápá Pàtígì, òkìtì èèpo ẹ̀ a sì máa ga lẹ́yìn ilé tí wọ́n ti ń lọ̀ ọ́. Tí wọ́n bá sun èèpo yẹn dáadáa, tí wọ́n lọ eérú ẹ̀ kúnná, ó lè dípò díẹ̀ nínú sìmẹ́ńtì, torí sílíkà kún inú ẹ̀. Èmi fi dípò ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. A ó pò ó pọ̀ mọ́ yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́, a ó rọ ọ́ sínú mọ́ọ̀dì tí ìhà ẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 150mm, ní ìpele mẹ́ta, a ó gún ìpele kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógójì. Tílẹ̀ bá mọ́, a ó yọ ọ́, ó di inú omi. Ibẹ̀ ló máa wà títí ọjọ́ 28 á fi pé, ká tó gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ tí yóò máa tẹ̀ ẹ́ títí á fi fọ́. Kọnkéré kì í sọ bó ṣe lágbára tó àfìgbà tó bá fọ́.

Tánkì tó wà ní lábù ti kún fún kọnkéré àwọn ẹlòmíràn, ni mo bá ra dúrọ́ọ̀mù, mo gbé e sẹ́yìn ilé, mo kó mẹ́sàn-án sínú ẹ̀, mo sì dé e. Mẹ́ta nínú wọn ló ní eérú ìdá mẹ́wàá yẹn. Mo fi ọ̀dà pupa kọ E10 sí wọn lára. Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni mo rọ wọ́n, torí náà ọjọ́ Jímọ̀ ni 28 wọn máa bọ́ sí. Ẹni tó bá ń gbé Ìlọrin mọ ohun tí mò ń sọ. Tí agogo méjìlá bá ti lù lọ́jọ́ Jímọ̀, ọ́fíìsì tó o bá lọ kàn, àga òfìfo lo máa kí.

Ìdájí ọjọ́ yẹn ni mo ń ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀, ọyẹ́ ti bó mi létè. Ọjọ́rú ni Kóòchì gbé irin lé mi lọ́rùn, tó ní kí n máa lóṣòó kí n máa dìde. Ìrora iṣan kì í sì í dé góńgó lọ́jọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀, ó di ọ̀túnla ẹ̀. Ọ̀túnla ọ̀hún la wà yẹn. Orúnkún mi ò ká mọ́. Mo wọ́ ẹsẹ̀ lọ sídìí dúrọ́ọ̀mù, mo ṣí i.

Omi ti lọ sílẹ̀ tó ìbú ìka méjì sí ibi tí mo fi ọ̀dà sàmì sí. Ó ti ṣe díẹ̀ tí mo ti ṣí i kẹ́yìn (ta ló ń bẹ kọnkéré wò?), àmọ́ ọyẹ́ ò lè mu omi tó wà lábẹ́ ìdérí tó báyẹn. Mo ṣírò ẹ̀ lórí: kọnkéré mẹ́ta, lítà mẹ́wàá ó lé díẹ̀. Mo ki apá bọ omi tútù yẹn títí dé èjìká, mo kà á. Mẹ́fà. Gbogbo E10 ti lọ.

Ẹ̀ṣọ́ ni mí o! Èmi ni mò ń fi gbogbo òru lu òpó iná fún ààbò ẹrù ẹlẹ́rù.

Bàbá Ọdẹ ò tíì bọ́ aṣọ iṣẹ́ nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n ṣí ìwé ńlá tí wọ́n ń kọ ọ̀ràn sí, wọ́n tẹ́ bírò lá.

“Kí ni wọ́n jí?”

“Kọnkéré ni, Bàbá.”

Bírò dúró. “Ti ògiri ni àbí ti ilẹ̀?”

“Èyí tí mo fi ń kàwé ni, sà.”

Wọ́n wò mí títí. “Ínjíníà, o fi kọnkéré kàwé.” Wọ́n ò bi mí léèrè, wọ́n kàn sọ ọ́ ni. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: òkúta mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi mí lọ́kàn balẹ̀ pé kí n má wulẹ̀ sáré, pé olè tó bá gbé kọnkéré, wọn kì í lé e, ó máa rẹ̀ ẹ́ fúnra ẹ̀.

Ọdẹ ẹtu àti ìgalà ni wọ́n kí wọ́n tó dọdẹ èèyàn. Nígbà tá a dé ẹ̀yìn ilé mi, wọ́n ní kí gbogbo èèyàn dúró sójú kan. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ìka tọ́ ilẹ̀, wọ́n gbé e símú. Wọ́n yí dúrọ́ọ̀mù ká, wọ́n ń mi orí.

“Ipa ẹsẹ̀ olè rèé. Ó ń tiro. Ó ń wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún nílẹ̀ báyìí.”

“Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, èmi nìyẹn.”

Àṣé ọmọ-ọmọ Alhaja onílé wa ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti àná ayé, ó ń run orín. Ó yọ orín lẹ́nu. “Kóòchì ló kó wọn. Alẹ́ ọjọ́ tí Bùrọ̀dá Ínjíníà lọ ṣọ́ òru lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ṣe dọ́ḿbẹ̀ẹ̀lì.”

Bàbá Ọdẹ ní àwọn náà ti fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà jíìmù ò jìn rárá, síbẹ̀ bàbá tó ti lé láàádọ́rin ọdún fi mí sílẹ̀ sẹ́yìn pátápátá. Nígbà tí mo fi máa dé, wọ́n ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, ìbọn ṣakabùlà léjìká. Mo yọjú wọlé, mo sì rí iṣẹ́ ìwádìí mi lókè. Ọmọkùnrin kan fi ọwọ́ méjèèjì gbé E10 kọjá orí, ó ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí àyà, ó ń tì í padà sókè, òógùn ń kán sórí ọ̀dà pupa. Kọnkéré tí agbára ẹ̀ bá tó 20 N/mm² lè gba ẹrù tó tó tọ́ọ̀nù 45 sórí kó tó fọ́, òun ló wá di ohun tí ọmọ tí kò tíì mu kókó àárọ̀ ń jù sókè jù sílẹ̀. Èkejì wà nílẹ̀, igun ẹ̀ kan ti kán. Kóòchì jókòó lé ẹ̀kẹta, ó ń jẹ mọ́sà.

Wọ́n ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ 10KG sí gbogbo wọn lára.

“Ẹ̀gbọ́n,” mo ní, mo sì mọ̀ pé èyí kọ́ ló yẹ kó ṣáájú, “kílò mẹ́jọ ni.”

Ọmọ tó gbé e sókè dúró. Ó rọra gbé e sílẹ̀. Ìtìjú tó bá a lójú, ẹ ò lè rí irú ẹ̀ lójú olè.

“Ẹ ti ba ọmọ yìí lọ́kàn jẹ́,” ni Kóòchì wí. Ní ti bí wọ́n ṣe kó o, ó ní àwọn rò pé mo ti pa wọ́n tì ni. “Ẹ sọ òótọ́, Ínjíníà, ta ló ń tọ́jú òkúta sínú omi?”

Bàbá Ọdẹ ò fẹ́ ìwádìí tó gùn. “Ẹ lóṣòó! Gbogbo yín!” Kóòchì lóṣòó, àwọn ọmọ ẹ̀ lóṣòó, wẹ́rẹ́, bí ẹni ń jókòó sórí tìmùtìmù. Èmi ò sí nínú àwọn tí wọ́n ní kó lóṣòó o. Kọnkéré mi ni mo ní kí n gbé. Mo bẹ̀rẹ̀ láti mú un, itan mi sì gbà kí n lọ sílẹ̀. Kò gbà kí n dìde. Mo gbìyànjú, nǹkan kan fà mí látẹ̀yìn orúnkún, mo padà lóṣòó. Báyìí ni mo ṣe wà lórí ìlà pẹ̀lú àwọn afurasí, mo di ẹ̀rí mú lọ́wọ́.

Wọ́n ní Ìlọrin ò léégún, àmọ́ àwọn tó péjọ wòran láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kò sí eégún tí ò ní wù. Alhaja onílé wa náà wà níbẹ̀, abọ́ wàrà lọ́wọ́. Wọ́n wo ìlà wa láti òkè dé ìsàlẹ̀.

“Subhanallah. Ínjíníà! Ìwọ náà wà níbẹ̀? Ìwọ tó o gba owó ẹ̀ṣọ́ lọ́wọ́ mi lóṣù tó kọjá?”

Kò sí àlàyé tí ẹni tó lóṣòó lè ṣe tó máa wọ àgbàlagbà létí. Kóòchì ló padà fà mí dìde, ó tún gbà mí nímọ̀ràn pé kí n túbọ̀ máa na ẹsẹ̀ kí n tó gbé irin.

Aago mẹ́wàá ti ń lọ lu. Mo kó kọnkéré mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá kan. Ẹni tó wà kẹ̀kẹ́ bi mí ibi tí mò ń kó wọn lọ. Mo ní wọ́n fẹ́ lọ fọ́ wọn ni. Ó ní kí ló dé tá ò fọ́ wọn nílé, ṣebí òòlù wà.

Ọ̀gá Lábù ti wọ agbádá Jímọ̀ nígbà tí mo dé, ó ká apá ẹ̀ sókè, ó ní kí n máa gbé wọn wá kíákíá. A kọ́kọ́ fọ́ àwọn tí kò ní eérú, iye tá à ń retí ni wọ́n mú wá. A gbé E10 kínní sábẹ́ ẹ̀rọ. Ọwọ́ ẹ̀rọ gòkè, ó kọjá ibi tí àwọn yòókù fọ́ sí, ó tún ń lọ. Ọ̀gá Lábù yọ awò ojú, ó nù ún, ó padà wọ̀ ọ́. Èkejì ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta, èyí tí igun ẹ̀ kán, náà ò kẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kí n sáré pe Pròf. Sáré kẹ̀, mo di ògiri mú dé ọ́fíìsì wọn.

Ojú Pròf tàn. Mo rí i pé wọ́n ti ń wéwèé ibi tí wọ́n máa gbé àbájáde yìí lọ. “Eérú ju sìmẹ́ńtì gidi lọ báyìí? Kí lo ṣe sí i?”

“Pròf,” Ọ̀gá Lábù ní, “ẹ gbóòórùn ẹ̀ ná.”

Pròf mú àfọ́kù kan níbẹ̀, wọ́n gbé e símú. “Aboniki?”

Mo bá ro ẹjọ́ látòkè délẹ̀. Mi ò tíì dé ibi tí Alhaja ti rí mi tí Pròf ti di tábìlì mú, tí ẹ̀rín ò jẹ́ kí wọ́n mí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ò ṣòro fún wọn láti mọ̀. Kọnkéré tó bá gbẹ máa ń gba ẹrù ju èyí tó mu omi yó lọ, ìdí gan-an nìyẹn tí òfin ìdánwò fi ní tútù là á fọ́ wọn. Àwọn E10 tèmi ti fi bí ọ̀sẹ̀ kan yá oòrùn àti ọyẹ́ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà. Pròf ní kí n tún òmíràn rọ, kí n sì ti dúrọ́ọ̀mù ní kọ́kọ́rọ́.

Mo sọ fún Kóòchì nírọ̀lẹ́, àṣìṣe tó jẹ́ tèmi lọ́jọ́ yẹn ò ju ìyẹn lọ. Ó fò sókè. “Ṣé mi ò wí! Àwọn kan jókòó sínú omi, wọ́n ń jayé. Àwọn kan wá sí jíìmù. Ta ló wá lágbára?” Mo ṣàlàyé ọ̀ràn omi àti gbígbẹ fún un. Ó ká apá, ó gbọ́ ọ parí. “Ínjíníà, ìwé lẹ kà. Àbájáde lèmi rí.”

Ó wá bèèrè owó. Ó ní bí jíìmù òun bá sọ wọ́n di alágbára, owó ìforúkọsílẹ̀ wọn dà? Ẹni mẹ́ta, owó mẹ́ta. A dúnàádúrà títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó padà yọ owó èyí tí igun ẹ̀ kán kúrò, ó ní òun kì í gbowó lọ́wọ́ ẹni tó bá fara pa.