Ìrora ijó àti ìrora tí kì í ṣe ti ijó

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ballet,

Nígbà tí mo sọ fún màmá mi ní Peckham, ní London, pé ballet, ijó òyìnbó yẹn, ni mo fẹ́ kọ́, wọ́n ní, "Ijó wo ni kò ní ìlù?" Síbẹ̀ wọ́n sanwó rẹ̀.

Bàtà ló kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ jù. Èyí tí a fi ń dúró lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀ yẹn, pupa rẹ́súrẹ́sú ni wọ́n ń ṣe é láti ọjọ́ pípẹ́. Awọ òyìnbó ló jọ, kí òǹwòran má baà rí ibi tí ẹsẹ̀ parí sí tí bàtà ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́sẹ̀ tèmi, ńṣe ló dà bíi pé wọ́n gé mi lọ́rùn ẹsẹ̀. Ni mo bá ń ra fáńdéṣọ̀n tó bá awọ mi mu, mo ń fi kàn-ìn-kàn-ìn kùn ún sára bàtà àti okùn rẹ̀ ní kíṣìnì lóru, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ti sùn lọ fọnfọn. Bẹ́ẹ̀ bàtà ọ̀hún kì í pẹ́. Ijó alẹ́ kan ṣoṣo lè sọ ọ́ di àkísà.

Ìforítì ni mo ń pe ìyẹn. Mo tiẹ̀ ń fi í yangàn.

Ìtàn Raven Wilkinson, oníjó ballet aláwọ̀ dúdú kan ní Amẹ́ríkà, ló là mí lójú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló lọ fi ara rẹ̀ hàn níwájú ẹgbẹ́ oníjó Ballet Russe de Monte Carlo kí wọ́n tó gbà á ní 1955. Àwọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń rò, kì í ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀. Àtíkè funfun ló ń kùn sójú kó tó jáde síta. Ní 1957, wọ́n bi í ní òtẹ́ẹ̀lì kan tó jẹ́ ti àwọn aláwọ̀ funfun nìkan ní Atlanta, ní gúúsù Amẹ́ríkà, bóyá aláwọ̀ dúdú ni. Kò parọ́, wọ́n ní kó kẹ́rù rẹ̀. Ó fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 1961, nígbà tó sì di 1967 ó lọ ń jó pẹ̀lú Dutch National Ballet ní ilẹ̀ Netherlands. Inú mi kì í dùn bí wọ́n bá ń sọ ìtàn yìí bíi pé àtíkè yẹn ló sọ ọ́ di akọni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló sọ ọ́ di oníjó. Àtíkè, ẹrù ẹlòmíràn ni wọ́n gbé rù ú.

Arthur Mitchell, oníjó aláwọ̀ dúdú ní New York, tètè mọ ìyàtọ̀ yìí. Òun àti Karel Shook dá ẹgbẹ́ oníjó Dance Theatre of Harlem sílẹ̀ ní 1969, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi ń pa ìbọ̀sẹ̀ àti bàtà láró kó lè bá awọ oníjó kọ̀ọ̀kan mu. Aró lásán o! Ní London níbí, 2018 ni Freed, iléeṣẹ́ tó ń ṣe bàtà ballet, tó gbé bàtà aláwọ̀ ilẹ̀ jáde pẹ̀lú Ballet Black, ẹgbẹ́ oníjó àwọn aláwọ̀ dúdú àti ará Éṣíà.

Èékánná tó ń ṣí, iṣan tó ń fà, títẹ orúnkún níbi irin tí a ń dì mú láràárọ̀, ti ijó nìyẹn. Ẹ má ráhùn lé e lórí. Èyí tó kù ni kẹ́ ẹ máa bèèrè pé ta ló ni ín. Ó gbà mí lọ́dún mélòó kan kí n tó lè wọlé tọ ẹni tó ń bójú tó aṣọ nínú ẹgbẹ́ tí mo wà, pẹ̀lú rìsíìtì fáńdéṣọ̀n lápò, tí mo bi í ta ló yẹ kó máa san án. Ó wò mí títí. Ó ní kò sẹ́ni tó bi òun rí. Ó fa bírò yọ, ó kọ nọ́ńbà àwọ̀ mi sílẹ̀.