Kì í ṣe fired o!
Àbúrò mi obìnrin ń múra intafíù lánàá, ó ní kí n ṣe bí ọ̀gá kí n máa bi òun ní ìbéèrè. Mo ní kí ló dé tóo fi kúrò níbi iṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ló bá dáhùn wẹ́rẹ́ pé I was fired. Haa! Mo ní ṣé o jalè ni àbí o bú ọ̀gá, ó ní rárá o, owó ni ò wọlé mọ́ tí wọ́n fi ní kí gbogbo ẹ̀ka àwọn máa lọ. Laid off nìyẹn jàre, wọ́n á ní made redundant nílùú ọba, ẹ̀bi ẹ ò sí níbẹ̀. Ó ní ṣé kóun kúkú sọ pé òun resign ni, mo ní má dán an wò, wọ́n lè pe ibẹ̀ béèrè.