Ọkọ̀ tí kò ní bíréèkì

Òjò rọ̀ mọ́jú, ó sì tún rọ̀ títí kíláàsì ìwakọ̀ ojú omi tí mo ń kọ́ àwọn èèyàn fi parí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé délé. Bàbá kan tí wọ́n jókòó lẹ́yìn ló rọra sọ ọ́: "Ìyá Títí, èmi tí mo ti ń wa mọ́tò kí wọ́n tó bí tíṣà yìí, kí ló kù tí mo fẹ́ kọ́?" Wọn ò fi ìbínú sọ ọ́ o. Ó rẹ̀ wọ́n ni.

Mo mọ ibi tó ti ń dùn wọ́n. Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọdé ni òfin New York yìí, tó ní kí ẹni tó ń wa ọkọ̀ ojú omi lọ kíláàsì kó sì gba ìwé ẹ̀rí, ti bẹ̀rẹ̀: ní 2020, ẹni tí wọ́n bí láti 1993 síwájú nìkan ló kàn. Díẹ̀díẹ̀ ló ń gòkè, títí ó fi kan gbogbo ẹni tó bá ń wa ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ní 2025. Kí àgbàlagbà wá máa jókòó fún wákàtí 8...

Ṣùgbọ́n mọ́tò yẹn gan-an ló ń kó bá àgbà lórí omi! Ẹni tó bá fẹ́ kúrò ní jẹ́tì á yí sítíárìn síta, á tẹná. Iwájú ọkọ̀ á kúrò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdí ni ẹ́ńjìnnì wà, ìdí ló ń tì kiri: gbàà, ó ti kọlu jẹ́tì. Tó bá tún ń gúnlẹ̀, á sọ jíà sí fíríì, á máa yí sítíárìn. Sítíárìn kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ mú nǹkan kan nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò bá ti omi. Afẹ́fẹ́ ló ń wa ọkọ̀ nígbà yẹn. Afẹ́fẹ́ tàbí ìṣàn omi, èyí tó bá lágbára jù ni kéèyàn kọjú sí, kó dagun wọlé ní bíi ìwọ̀n dígírì 20 sí 30, kí eré má ju èyí tí kò ní fọ́ nǹkan bó bá tiẹ̀ kọlù ú. Tó bá kù díẹ̀, yí sítíárìn sí jẹ́tì, kí o fi rìfáàsì fà á ní ìwọ̀nba. Ìdí ọkọ̀ á sún mọ́ ọn fúnra rẹ̀. Rìfáàsì yẹn náà ni bíréèkì.

Kí ló kù tí mo fẹ́ kọ́.

Bóyá mo le jù. Bàbá ní sùúrù tí ọmọ ogún ọdún kò ní, òótọ́ sì wà nínú ọ̀rọ̀ wọn: èèyàn lè gba ìwé ẹ̀rí tí kì í parí láéláé láì tíì fọwọ́ kan ọkọ̀ rárá. Kíláàsì ń kọ́ni pé tí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì mìíràn bá ń dábùú bọ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún, ìwọ ni kó o yà fún un. Ó ń kọ́ni pé bí ọkọ̀ kékeré kò bá ní àwo iye èrò, fi ìbú rẹ̀ sọ gígùn rẹ̀ di púpọ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà, kí o pín in sí 15: 18 lọ́nà 6 jẹ́ 108, èèyàn 7 ló gbà. Kò kọ́ ọwọ́.

Orúkọ ọmọ ọdún 11 ni òfin náà ń jẹ́, Brianna Lieneck. Ọkọ̀ mìíràn ló kọlu tiwọn ní Long Island ní 2005, ó sì pa á. Ìyá rẹ̀ kò sinmi títí wọ́n fi buwọ́ lù ú ní 2019. Mo rò pé ó yẹ kí n ti sọ èyí kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ní ìparí.

Okùn tó ń pa ẹ́ńjìnnì bí awakọ̀ bá kúrò nídìí rẹ̀ tún wà níbẹ̀. Àwọn àgbà kì í fẹ́ so ó mọ́ra. Bí ìgbì bá ju awakọ̀ sómi, ọkọ̀ tí kò sẹ́nì kan nídìí rẹ̀ sábà máa ń yí po padà wá bá a, pẹ̀lú irin tó ń yí lábẹ́ rẹ̀. Kéèyàn so ó kó tó ṣáná, sí ara life jacket tàbí ọwọ́.

Ní Sátidé, bí afẹ́fẹ́ bá gbà, ó di Jamaica Bay, ní New York níbí. A ó so bọ́ọ̀lù rọ́bà ńlá mọ́ ìdákọ̀ró kékeré ní gbalasa omi, kó ṣe jẹ́tì fún wa. Ọwọ́ òsì lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ọ̀tún, títí ọwọ́ á fi mọ̀ ọ́n, kí ẹnikẹ́ni tó sún mọ́ jẹ́tì gidi.