Aago Ọwọ́ Màámi, Láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù

"Ìbàdàn mélòó ni?"

Ohun tí Màámi bi mí nìyẹn nígbà tí mo sọ fún wọn pé Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù tó nǹkan bí 5,000 kìlómítà. Ìbàdàn ni wọ́n fi ń wọn gbogbo ìrìnàjò, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ra ọjà láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Mo ṣírò rẹ̀. Èkó sí Ìbàdàn kò ju nǹkan bí 130 kìlómítà lọ, tiwa sì lé ní ìlọ́po méjìdínlógójì. "Háà! Àjọkẹ́, wákàtí mélòó wá ni?" Mo ní mẹ́fà ààbọ̀. Wọ́n dákẹ́. Àwa méjèèjì la jọ rántí ọjọ́ tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dá wa dúró lójú ọ̀nà Ìbàdàn láti ọ̀sán títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló bímọ, Màámi sì ń lọ bá a wẹ ọmọ. Wọn ò wọ bàálù rí, ni mo ṣe sìn wọ́n lọ. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tó ń gbéra lójú ọ̀sán, kí wọ́n lè rí ilẹ̀.

Aago mọ́kànlá àárọ̀ la gbéra n'Íkẹjà, ní ìbẹ̀rẹ̀ October. Kò pé wákàtí kan tí a fi dókè Odò Ọya, tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn. Lẹ́yìn ìyẹn, igi ń tán díẹ̀díẹ̀, ilẹ̀ ń pọ́n, títí tó fi ku yanrìn nìkan.

Òkè òkun la máa ń pe ibẹ̀, èmi náà sì ti rò pé orí omi la máa pẹ́ sí jù. Orí Sahara la pẹ́ sí. Ó ju wákàtí méjì ààbọ̀ lọ. Òkun Mẹditaréníà kò gbà tó wákàtí kan. Algeria nìkan, tó di orílẹ̀-èdè tó tóbi jù ní Áfíríkà láti 2011 tí Gúúsù Sudan ti yapa, kò fẹ́ tán. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Màámi bi mí bóyá a ti kúrò níbẹ̀. Mo ń wo yanrìn náà, ọkàn mi sì ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ wa tó ń fi ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù gba ibẹ̀ kọjá, láìní omi tó tó. Ó dùn mí gan-an.

Ọ̀nà yìí kò ṣeé yẹ̀ bọ̀rọ̀. Ní August 2023, tí Niger ti ojú òfuurufú rẹ̀ pa lẹ́yìn ìfipágbàjọba, ṣe ni àwọn bàálù ń yí gba ibòmíràn, tí wákàtí wọn sì ń gùn.

Aago márùn-ún ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ la balẹ̀. Màámi wo aago ọwọ́ wọn, wọ́n wo ti ara ògiri, méjèèjì dọ́gba. Inú wọn dùn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, èmi nìkan padà, wákàtí tó gbà kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti àlọ. Ìwọ̀ oòrùn ni atẹ́gùn òkè lọ́hùn-ún ti máa ń fẹ́ wá. Ẹni tó ń ti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí New York ń kọjú sí i, bó bá ń bọ̀, atẹ́gùn á tì í, á sì yá ju ti àlọ lọ. Tiwa ń ti gúúsù lọ sí àríwá, ẹ̀gbẹ́ ló ti ń fẹ́ lù wá.

Nígbà tó di Sunday tó kẹ́yìn October, tí wọ́n dá aago Lọ́ńdọ̀nù padà ní wákàtí kan, ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ bá Màámi yí tiwọn. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní aago méje alẹ́ ni bàbá wa ń jẹun, àwọn sì fẹ́ máa mọ̀ bó bá ti tó.